Ẹ Má Yára Nu Irinṣẹ́ Bàbá Yín

Ọjọ́ kẹsàn-án tí bàbá mi jáde láyé ni mo ṣe àṣìṣe tó mú kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìfẹ́ ni mo sì fi ṣe é. Káfíńtà ni bàbá mi, wọ́n lo ogójì ọdún ó lé nídìí iṣẹ́ náà. Mo wọ ibi iṣẹ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo kó gbogbo irinṣẹ́ wọn jáde, mo ní kí n tún wọn ṣe kí àwọn tó ń bọ̀ wá kí wa lè rí i pé èèyàn pàtàkì ló ni wọ́n. Mo fi sáńpépà ha èékù àwọn ṣísẹ́lì, mo ha ẹ̀yìn ìfági tí wọ́n fi ń fá pákó kó dán, mo fi fáníìṣì kùn wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Nígbà tí mo tú abẹ inú ìfági, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kò gún. Mo ní bàbá ti dàgbà, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, òun ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sórí òkúta, mo pọ́n ọn títí ó fi gún bí rúlà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ wọn kan dé, ẹni tó kọ́ṣẹ́ parí kẹ́yìn lọ́dọ̀ wọn. Mo ti ń retí kó ní mo ṣeun. Ó gbé ìfági náà, ó yí ikùn rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu abẹ rẹ̀ wò, ó dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ta ló pọ́n eléyìí?"

"Èmi ni."

Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. Ó ní, "Ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Bí ẹnu abẹ bá gún láti igun dé igun, igun méjèèjì ni yóò máa gúnlẹ̀ sára pákó, yóò sì máa fa ilà sí i ní gbogbo ibi tó bá gbà kọjá. Bí èèyàn bá fọwọ́ pa tábìlì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á máa bá ilà náà pàdé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń pọ́n ọn kí àárín rẹ̀ yọ díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, díẹ̀ tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Igi fẹ́lẹ́ tó ń ká jáde lẹ́nu ìfági á nípọn láàárín, á sì tín-ínrín títí yóò fi parẹ́ ní etí méjèèjì. Ó ní òun lo ọdún méjì kí ọ̀gá tó gbà pé òun mọ̀ ọ́n pọ́n. Èmi fi ọjọ́ kan pa á rẹ́.

Ó tún mú ṣísẹ́lì kan tí bàbá fẹ́ràn jù, ó ń wá nǹkan lára èékù rẹ̀, kò rí i mọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi. Ní ibi tí àtàǹpàkò òsì wọn máa ń wà lára igi yẹn, ó ti jin wọnú bí ikùn ṣíbí kékeré. Igi líle ni o, irin kọ́ ló gbẹ́ ẹ, awọ ara ni. Mo ti rí ibẹ̀ nígbà tí mo ń ha á, mo rò pé ó ti jẹ ni. Mo ha á títí ó fi tẹ́jú.

Mo wọ inú yàrá lọ lọ́jọ́ náà, mo sunkún ju bí mo ṣe sun ún lọ́jọ́ tí wọ́n kú lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ìyá yín ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ọjọ́ bá dé, ẹ má kan ohunkóhun níbi iṣẹ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ògiri àti tábìlì bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ gan-an, nítorí bí wọ́n ṣe to irinṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ronú. Ti bàbá mi, apá òsì ni gbogbo ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ wà, ohun tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wà lápá ọ̀tún lókè. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó ní ìtumọ̀. Ìpẹtà nìkan ni ọ̀tá tí ẹ ní láti bá jà kíákíá. Ẹ fi òróró díẹ̀ nu irin, ẹ gbé e síbi tó gbẹ. Igi tó wà lára rẹ̀, àkísà gbígbẹ ti tó o. Bó bá jẹ́ òróró líńsíìdì ni ẹ lò, ẹ má ká àkísà rẹ̀ jọ sójú kan, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ tàbí kí ẹ rì í sómi, nítorí ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ló tún kọ́ mi nìyí, nígbà tó rí òkìtì tí mo kó ságbègbè ìlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ tó sì dùn mí jù nìyí: ó yẹ kí n ti mọ̀ nípa abẹ yẹn lẹ́nu bàbá mi. Mo gbìyànjú láti bi wọ́n ní ìbéèrè nígbà ayé wọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi oníṣẹ́ ọwọ́. Mo á jókòó tì wọ́n, mo á ní, "Bàbá, ẹ sọ ìtàn ayé yín fún wa." Wọ́n á ní, "Ìtàn wo? Mo ṣiṣẹ́, mo tọ́ yín." Ó parí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tábìlì tó ya ni mo gbé wá fún wọn. Èmi ni mo kan tábìlì náà fúnra mi, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú rẹ̀ mọ́ férémù yíká. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó là láàárín gbàràgàdà.

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n fi ìka tọ ojú ibi tó là, wọ́n ní, "Igi kì í kú tán." Wọ́n ní bí o bá gé e, bí o bá là á, bí o bá fi fáníìṣì bò ó, ó ṣì ń mí. Bí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́, á wú. Bó bá gbẹ, á sún kì. Ìbú rẹ̀ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Nítorí náà, ojú tábìlì ní láti ní àyè tí yóò máa gbà rìn: ihò sìkúrúù tó mú un gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀ kó lè máa sún síwá sẹ́yìn, pákó àárín ìlẹ̀kùn kò sì gbọdọ̀ ní gọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú kòtò rẹ̀ ló yẹ kó dúró sí lómìnira. Láti ibẹ̀ ni wọ́n bọ́ sórí ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, àti ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí wọ́n bàjẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ sí orí pákó tútù kí wọ́n má bàa gbàgbé, nítorí pákó tó nípọn tó íǹṣì 1 ń fẹ́ bí ọdún 1 kó tó gbẹ fúnra rẹ̀. Gbogbo ìtàn ayé tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún, inú tábìlì tó ya ló wà.

Torí náà, ẹ má bi wọ́n léèrè ìtàn. Ẹ gbé nǹkan tó bàjẹ́ lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ sì ya fídíò ọwọ́ wọn. Fídíò bàbá mi pọ̀ lórí fóònù mi, ojú wọn ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí èèyàn. Ẹyọ kan péré ló jẹ́ ti ọwọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n ń gbẹ́ ihò tí wọ́n fẹ́ ki orí pákó kejì bọ̀. Ṣísẹ́lì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òòlù onígi wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń lù ú gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n, wọ́n ń fẹ́ èérún kúrò. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ní, "Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́." Mo rò nígbà yẹn pé ariwo mi ló sú wọn. Mo ti wo fídíò náà láìníye ìgbà báyìí kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́: bí ihò náà ṣe ń jìn sí i, tí pákó tó kù lábẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, dídún òòlù ń yí padà, wọ́n sì dáwọ́ dúró gan-an níbi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Bàbá mi wúkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì máa ń sọ pé òtútù ni. Mi ò lè sọ pé eruku igi ló pa wọ́n, dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n láti 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé eruku igi lè fa jẹjẹrẹ inú imú, ó sì tún ń dá ikọ́ fée sílẹ̀. Bí ti yín bá ṣì wà láyé, ẹ ra ìbòmú gidi fún wọn, kí ẹ sì bá wọn wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ tún bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún. Ìyá àgbàlagbà kan jẹ́ kí n fa dúróà kọ́bọ́ọ̀dù wọn jáde pátápátá. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, mo rí pẹ́ńsùlù bàbá mi: nọ́ńbà lórí igun kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ èyí tó bá èyí lọ, àti àmì kékeré kan tó ká bí ìrù. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ wọn. Ó ní ojú tí ọ̀gá kọ́kọ́ fá dọ́gba lára pákó ni wọ́n ń fi àmì yẹn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn gbogbo ìyókù. Mo ti rí àmì náà ní ilé mẹ́fà báyìí. Mo lè fi í dá iṣẹ́ wọn mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún.

Ibi tó jin lára èékù ṣísẹ́lì kò lè padà bọ̀ mọ́, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mí, ibòmíràn ni àtàǹpàkò mi ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n abẹ ìfági ṣeé tún pọ́n. Gbogbo Sátidé ni ọmọ iṣẹ́ yẹn ń wá kọ́ mi. Ní Sátidé tó kọjá, mo fá pákó kan lójú rẹ̀, igi fẹ́lẹ́ náà ká jáde gùn gbọọrọ láìjá. Ó mú un, ó nà á sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yẹ etí rẹ̀ méjèèjì wò fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, apá ọ̀tún ṣì nípọn ju òsì lọ."

Mo tú abẹ náà, mo padà sídìí òkúta.