Ẹja tí n kò gbé kaná

Inú mi dùn débi pé mo ní láti kọ ọ́ síbí. Mo gbé sashimi ka iwájú ìyá ọkọ mi lánàá, l'Adó-Èkìtì níbí!

Ẹja túnà láti inú òkun ni. Bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, láìsè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àrọ̀ tàbí ẹja odò kankan dán an wò o, aràn inú wọn léwu. Ẹja òkun pàápàá, ìwọ̀n -20°C fún ọjọ́ 7 nínú fírísà ni wọ́n fi ń pa aràn rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè pa á, bó ti wù kó kan tó.

Mo pọ́n ọ̀bẹ dáadáa, mo gé e pẹlẹbẹ ní ìdábùú ìlà ara rẹ̀. Ó pupa, ó ń dán. Mo rin atalẹ̀ sínú soy sauce, mo gé ata rodo wínníwínní sí i.

"Ìyàwó mi, o ò ní gbé e kaná ni?"

"Rárá mà. Bó ṣe rí nìyẹn."

Yèyé mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀ atalẹ̀ yẹn dáadáa.

"Fi atalẹ̀ kún un."