Láti Tulsa dé Okemah, ìlú Woody Guthrie

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ kọ orin náà sí mi létí. Ó ti ilé ìwé dé ní Dallas, ó ń kọ "This Land Is Your Land" bó ṣe ń bọ́ bàtà. Mo ní ta ló ni orin, ó ní òun ò mọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí Woody Guthrie, olórin Amẹ́ríkà tó kọ ọ́, nìyẹn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó sọ́kọ̀, a kọjá odò Red River, ó di Oklahoma.

Tulsa la kọ́kọ́ dé. Láti 2013 ni Woody Guthrie Center, ilé tí wọ́n kó àwọn ohun ìrántí rẹ̀ sí, ti wà níbẹ̀. Abala ìwé kan ni mo torí ẹ̀ lọ, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orin yẹn sí ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York, ọjọ́ 23 oṣù kejì 1940. Díẹ̀ ló kù kí imú mi kan gíláàsì. Ègbè orin náà tẹ́lẹ̀ ń sọ pé Ọlọ́run bù kún Amẹ́ríkà fún òun. Ó wá fagi lé e, ó ní èmi àti ìwọ ni a dá ilẹ̀ náà fún. Ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí ọmọ mi ò gbọ́ rí, nípa àwọn tí ebi ń pa tí wọ́n dúró lẹ́bàá ọ́fíìsì ìrànwọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ pé ohun tójú bá rí nìkan lèèyàn lè kọ.

Ojú tirẹ̀ sì rí nǹkan. Okemah ni wọ́n bí i sí ní 1912. Iná pa Clara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1919. Àrùn Huntington, tí òbí máa ń bí mọ́ ọmọ, ba ọpọlọ ìyá rẹ̀ jẹ́. Àrùn yẹn náà ló pa Woody ní 1967. Pampa ló wà, ní Texas, nígbà tí ìjì eruku sọ ọ̀sán di òru ní oṣù kẹrin 1935. Àwọn àgbẹ̀ tí eruku lé kúrò nílé, àwọn ló kọrin fún dé California.

Ọjọ́ kejì la dé Okemah. Táǹkì omi mẹ́ta ló ga gègèrè níbẹ̀. Orúkọ Woody wà lára ọ̀kan. Ó pẹ́ kí ìlú tó gbà á mọ́ra, nítorí àwọn kan kà á sí Kọ́múníìsì. Láti 1998 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin fún un lóṣù keje.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká dé odò North Canadian. Lórí afárá odò yẹn, lóṣù karùn-ún 1911, ni àwọn aláwọ̀ funfun ti so Laura Nelson àti L.D. ọmọ rẹ̀ rọ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò, wọ́n fi fọ́tò náà ṣe káàdì, wọ́n ń tà á. Woody gbà pé bàbá òun wà lára àwọn tó pa wọ́n. Ta ló máa ń tú àṣírí baba rẹ̀? Síbẹ̀ ó kọ orin nípa ìyá àti ọmọ yẹn, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ọkùnrin náà, ju orin tí gbogbo ayé mọ̀ lọ.

Afárá ìgbà yẹn kò sí mọ́, òmíràn ni wọ́n ṣe. Omi rọra ń lọ lábẹ́ wa.

"Ṣé ọmọ náà ti dàgbà?"

"Rárá o, Àǹtí mi. Ọmọdé ni."

Ó gbá irin afárá mú, ó pe orúkọ àwọn méjèèjì sórí omi, ketekete.