Òru Méjì Láàárín Òkun àti Ọ̀sà

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, òkúta ni ojú mi mọ̀ láti kékeré, kì í ṣe omi. Nítorí náà, nígbà tí Démọ́lá, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo wa nínú ẹgbẹ́, dá a lábàá pé kí a wa ọkọ̀ àjẹ̀ lọ sí etíkun Ìlàjẹ, kí a sì pàgọ́ síbẹ̀ fún òru méjì nínú oṣù Kejìlá, ó yẹ kí n kọ̀. N kò kọ̀. Àwa mẹ́fà la jọ lọ, ẹni méjì péré nínú wa ló sì mọ odò wẹ̀.

Káyáàkì mẹ́ta ni a yá. Ẹni tí kò bá rí i rí lè fi wé ọkọ̀ ọpọ́n apẹja, àmọ́ ike ni wọ́n fi ṣe é. Ènìyàn méjì ló ń jókòó sínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àjẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ pẹrẹsẹ ní orí méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí a bá ti fi ti ọ̀tún fa omi tán, ti òsì ni ó kàn. A dè wọ́n mọ́ orí bọ́ọ̀sì, a gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Okìtìpupa kọjá, ìrìn tó ju kìlómítà 100 lọ. Ní Ọ̀rẹ̀, ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì wo òkè bọ́ọ̀sì wa títí, ó wá rọra béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?” Pósí ló pè wọ́n.

Igbókọ̀dá ni a ti bọ́ sómi. Démọ́lá mọ̀ pé apá wa kò lè gbé gbogbo ọ̀nà náà, ó sì ti bá ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan sọ̀rọ̀ pé kó kó àwa àti káyáàkì wa lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí ó já wa sílẹ̀ níbi tí ó kù díẹ̀ kí a dé apá Araromi. Mo ti rò pé ìgbì ni yóò dà wá láàmú, àṣé koríko ni. Koríko olódòdó àlùkò yìí jọ òjúoró lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òjúoró tí mo mọ̀ kì í dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ báyìí. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i lórí omi Àgbádárìgì, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń tàn káàkiri ọ̀sà wa. Mo já ọ̀kan, mo ya igi ewé rẹ̀ tó wú bí ọmọ bọ́ọ̀lù sí méjì: kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún lọ, bí inú búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń rì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó tó lè tú koríko náà kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ó já wa sílẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ wa, káyáàkì yọ́ gba orí koríko kọjá wẹ́rẹ́, inú wa sì dùn gan-an, títí ọmọbìnrin méjì tí kò tíì lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ fi wa ọkọ̀ ọpọ́n tó kún fún igi ìdáná kọjá lára wa, tí wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín. A kò rí ẹ̀yìn wọn mọ́.

Okùn iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ tí a fẹ́ sùn sí, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì sì wà níwájú. Iyanrìn funfun tó tẹ́jú sún mọ́ òkun wù wá, ibẹ̀ la sì pàgọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá apẹja kan dé ọ̀dọ̀ wa. A dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó wo àgọ́ wa, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, inú ilé òkun lẹ fẹ́ sùn sí yìí o. Òṣùpá ti dé ojú rẹ̀.” Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ìlà pàǹtí gbígbẹ kan lókè wa, èèpo àgbọn àti igi wẹ́wẹ́, ó ní ibi tí omi dé kẹ́yìn nìyẹn. Ó tún ní kí a wá ibi tí ìtàkùn tó ń fà lórí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òkun tó bá ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kó hù.

Wọ́n gbé àgọ́ méjì gòkè. Èmi àti Túndé ni ọ̀lẹ mú, a sọ pé tó bá dòru a ó ṣí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo fura pé ẹ̀yìn mi tutù. Òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló sì wà láàárín ìkún kan àti èkejì. Nígbà tí òṣùpá bá sì yọ tán, tàbí tí òmíràn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ni ó ń kún jù, nítorí pé òṣùpá àti oòrùn jọ ń fà á ni. Ọ̀rọ̀ tí mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ń rántí bí mo ṣe di gaàrí mú lọ́wọ́ kan, tí mo ń fi èkejì wá bàtà. Mo rí bàtà ẹsẹ̀ kan. Gaàrí náà ti di ẹ̀bà oníyọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, omi inú ọ̀rá tí a rù wá kò fẹ́ tó mọ́. Bàbá tún wá, ó gbẹ́ iyanrìn lẹ́bàá igi àgbọn títí ihò náà fi gbé apá rẹ̀ mì dé èjìká, omi sì rọra ń sun jáde. Mo tọ́ ọ wò, kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Omi òjò tó rì wọlẹ̀ ló léfòó lórí omi iyọ̀ nísàlẹ̀, torí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Bàbá kìlọ̀ pé kí a má gbẹ́ ẹ jìn jù, kí a má baà bá iyọ̀ pàdé. A sè é kí a tó mu ún.

Nígbà tí a ń jẹ púpurù àti ẹja yíyan tí a rà ní abúlé, ó sọ̀rọ̀ Ayétòrò fún wa, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, tí òkun ti jẹ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìhà ibẹ̀, ẹrẹ̀ ló wà létí omi, kì í ṣe iyanrìn. Ó ní àwọn ìbátan òun kan ti kó ilé sẹ́yìn léraléra. Ó ń fi eegun ẹja ta eyín rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́, kò gbé ohùn sókè rárá, àwa náà kò sì mọ èsì tí a lè fọ̀.

Àjẹ̀ bó wa lọ́wọ́ nígbà tí à ń padà. Ní Ọ̀rẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì dá bọ́ọ̀sì wa mọ̀, ó sáré wá sí ojú fèrèsé, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú o. Kí ló dé tí ẹ tún gbé wọn padà?”