Orúkọ Ilẹ̀ Ni Wọ́n Kọ Sára Ìgò

Nígbà tí mo gbé ìgò wáìnì kan ka iwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Iléṣà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ọmọ mi, oko ta ni èyí ti wá?” Wọn kò béèrè iye tí mo rà á, wọn kò sì béèrè bóyá ó dùn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Bàbá ti ń ṣe oko kòkó, tí wọ́n sì ń dá ẹmu lára àwọn ọ̀pẹ tó wà nínú oko náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oko ni ọkàn wọn kọ́kọ́ lọ. Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi nínú, nítorí òun gan-an ni ìrìn àjò mi sí Bourgogne, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, dá lé lórí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Dijon ni mo dé sí, ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ìkórè èso àjàrà ń lọ lọ́wọ́. Láti Dijon ni òkè gígùn kan ti bẹ̀rẹ̀, tó na ara rẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìlú Beaune kọjá, Côte d'Or sì ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó mọ òkè kò ní ka èyí sí òkè ńlá rárá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ ni wọ́n gbin àjàrà sí, ní ẹsẹẹsẹ, láìsí igi mìíràn láàrin rẹ̀. Oríṣi èso méjì péré ló sì gba ipò iwájú níbẹ̀: Pinot Noir ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa, Chardonnay ni wọ́n fi ń ṣe funfun.

Ọkùnrin kan tó ń ká èso fún mi ní ṣírí Pinot Noir kan, kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ, èso rẹ̀ dúdú, wọ́n sì há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò lè wọ àárín wọn. Mo fún ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, omi tó jáde kò sì pupa rárá, ó mọ́ bí omi ìrèké. Ó ṣàlàyé fún wa pé èèpo ni àwọ̀ wà, àti pé bí wọn kò bá jẹ́ kí èèpo bá omi náà gbé pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan nínú àgbá, wáìnì pupa kò lè pupa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí ènìyàn bá wo ara ìgò, kò ní rí orúkọ èso lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ti pín òkè yẹn sí abala kéékèèké tí wọ́n ń pè ní climat, abala kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ààlà tirẹ̀, ó sì ti pẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹ́ orúkọ náà. Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìyẹn 1,247, ni iye wọn nígbà tí UNESCO fi wọ́n sára àwọn ogún àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2015, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní ọdún 2005. Ipò mẹ́rin ni wọ́n tò wáìnì wọn sí, ilẹ̀ ló sì ń joyè níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣe ọtí: abala 33 péré ló wà ní ipò tó ga jù. Ọ̀kan nínú wọn, Romanée-Conti, tí orúkọ rẹ̀ kan jákèjádò ayé, kò tó hẹ́kítà méjì. Mo dúró lẹ́bàá ògiri kúkúrú tó yí i ká, mo sì ń wo àjàrà inú rẹ̀ àti ti òdìkejì ọ̀nà. Ojú mi kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ta ọtí méjèèjì jìnnà síra bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀.

Àlàyé tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ òkè náà, amọ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dà pọ̀ kò rí bákan náà láti abala kan sí èkejì. Omi máa ń tètè ṣàn kúrò ní àárín òkè, àmọ́ ó máa ń dúró pẹ́ ní ìsàlẹ̀, kò sì sí èyí tí gbòǹgbò àjàrà kò mọ̀. Nígbà tí mo ń sọ èyí fún Bàbá, wọn ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. “Ṣé wọ́n nílò láti máa ṣàlàyé ìyẹn ni? Ẹmu ọ̀pẹ etí akùrọ̀ lè dà bí ẹmu ọ̀pẹ orí àpáta bí?” Bàbá mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ra ẹmu lọ́wọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹmu náà bá ti dé inú kèrègbè, tí ó sì ti dé ìsọ̀, kò sí ẹni tó ń dárúkọ ibi tó ti wá mọ́, èyí sì ń dùn mí títí di àkókò yìí.

Àwọn mọ́ńkì ló kọ́kọ́ fi sùúrù kọ́ ilẹ̀ yẹn. Ní ọdún 1098 ni wọ́n dá ilé ìsìn Cîteaux sílẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ ní Vougeot, abúlé kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà, láti fi ṣe ọgbà àjàrà tí wọ́n ń pè ní Clos de Vougeot. Nígbà tó fi máa di ọdún 1336, wọ́n ti mọ ògiri òkúta yí ọgbà náà ká, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Mo fi ọwọ́ kan ògiri náà: kò ga, ewédò ti hù lára rẹ̀, oòrùn sì ti mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Nínú ilé ńlá tó wà láàrin ọgbà náà, àwọn ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń fún àjàrà ṣì wà ní ìdúró, igi kan ṣoṣo nínú wọn nípọn ju kí ènìyàn kan lè fi apá yí i ká lọ.

Ìjọba gba ọgbà yẹn lọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì nígbà ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì tà á ní ọdún 1791. Ní báyìí, nǹkan bí àádọ́ta hẹ́kítà ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín lé ní ọgọ́rin. Ẹlòmíràn kò ní ju ẹsẹ àjàrà díẹ̀ lọ. Òfin ogún pípín tí Napoleon ṣe ní ọdún 1804 wà lára ohun tó fà á, nítorí ó pa á láṣẹ pé kí àwọn ọmọ pín dọ́gba. “Orí-ò-jorí nìyẹn,” ni Bàbá wí, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín ilẹ̀ bàbá tiwọn, ìyàwó mẹ́ta, ìpín mẹ́ta, pèrègún sì ni wọ́n gbìn sí ààlà. Wọ́n wá béèrè pé, “Nígbà tí wọ́n ti pín in tán, ṣé orúkọ ilẹ̀ náà yí padà?” Mo ní rárá, pé gbogbo àwọn tó lé ní ọgọ́rin yẹn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ Clos de Vougeot sára ìgò wọn. Bàbá ní ìyẹn ló dára níbẹ̀.

Ní Beaune, mo wọ Hôtel-Dieu, ilé ìwòsàn àwọn tálákà láyé àtijọ́, tí Nicolas Rolin àti ìyàwó rẹ̀, Guigone de Salins, dá sílẹ̀ ní ọdún 1443, tí àwo òrùlé rẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi ń dán nínú oòrùn. Àwọn ènìyàn fi ọgbà àjàrà ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ, láti ọdún 1859 ni wọ́n sì ti ń ṣe gbàǹjo wáìnì rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ti oúnjẹ wọn, ìgbín ni n kò lè gbàgbé. Ìgbín Bourgogne kéré púpọ̀ sí tiwa, mẹ́fà ni wọ́n gbé wá fún mi nínú àwo tó ní ihò mẹ́fà, pẹ̀lú irin ìfàmú kan àti fọ́ọ̀kì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ti fi bọ́tà, áyù àti ewé parsley dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, ó sì ń hó wàìwàì. Ẹran rẹ̀ rọ̀, kò ní agbára ìgbín inú igbó kòkó wa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi búrẹ́dì nu bọ́tà tó ṣẹ́kù, mo gbà pé oúnjẹ gidi ni. Wọ́n ń se ẹran màlúù nínú wáìnì pupa fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí yóò fi dẹ̀. Wọ́n sì ní wàràkàṣì kan tó ń jẹ́ Époisses, tí òórùn rẹ̀ kún ilé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìkòkò irú. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń fi irú se ẹ̀fọ́ kò lè sá fún un.

Bàbá ta díẹ̀ nínú wáìnì náà sílẹ̀ kí wọ́n tó mu. Wọ́n ní ó kan díẹ̀, ó sì ń lọ́ra lọ nínú ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n mú ìwé àti bírò dání ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìrì ṣì wà lórí ewé nígbà tí a dé oko. Bàbá ń fi àdá tọ́ka, mo ń kọ: Ìdí Ìrókò, Akùrọ̀ Ìyá Àgbà, Orí Àpáta, Ẹ̀yìn Pèrègún. Ọ̀pẹ tí ẹmu rẹ̀ dùn jù wà ní Akùrọ̀ Ìyá Àgbà, mo fi àmì sí i. Orúkọ mọ́kànlá ni a rí kọ. Nígbà tí a dé abala kejìlá, ní etí odò, Bàbá dúró pẹ́, wọ́n ní bàbá wọn máa ń pè é ní orúkọ kan, ṣùgbọ́n ó ti fò lọ lórí wọn. Mo fi àlàfo sílẹ̀ fún un nínú ìwé. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní abúlé kejì tó bá wọn ṣa kòkó níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni a ó lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.