Bágbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí àtúnṣe driver gíráfíìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú kernel Linux

Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tún driver (kóòdù tó ń darí káàdì kan) ṣe nínú kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ), kó yáa ṣe bí àgbà. Ìlà kóòdù tí kernel ti ṣubú kì í sábà jẹ́ ìlà tó gbé e ṣubú. Ìdí ni pé driver gíráfíìkì àti driver nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dá iṣẹ́ ṣe. Bí CPU ṣe ń kọ nǹkan sínú mẹ́mọ́rì ni káàdì náà ń fi DMA (ọ̀nà tí káàdì ń gbà dé mẹ́mọ́rì láìgba ọwọ́ CPU) ka mẹ́mọ́rì kan náà fúnra rẹ̀, kò sì dúró gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo máa ń béèrè kí n tó fọwọ́ kan kóòdù: ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, ọwọ́ ta ni mẹ́mọ́rì yìí wà, ta ló sì rò pé ọwọ́ òun ló wà? Níbi tí ìdáhùn méjèèjì ò bá ti bára mu, ibẹ̀ ni bug tó le máa ń fara pamọ́ sí.

Ká tó débẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí kernel wí kó tó dákẹ́. Bí síkírínì bá ṣókùnkùn, ẹ má tíì pa ẹ̀rọ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà gíráfíìkì nìkan ló kú, ìyókù ṣì ń mí: ẹ gba orí kọ̀ǹpútà mìíràn wọlé pẹ̀lú SSH, kí ẹ sì ka `dmesg -w`. Bí ẹ bá ti pa á tí ẹ tún un tàn, `journalctl -k -b -1` ni yóò fi ọ̀rọ̀ ìgbà tó ṣáájú hàn yín. Bó bá kú fin-ín-fin-ín kó tó rí nǹkan kọ sórí dísíìkì, ẹ wo inú `/sys/fs/pstore`, tàbí kí ẹ so wáyà serial mọ́ ọn kí ẹ sì fi `console=ttyS0,115200` tàn án. Netconsole náà dára: ó ń fi ọ̀rọ̀ kernel ránṣẹ́ lórí UDP sí port 6666 kọ̀ǹpútà mìíràn. Àmọ́ bó bá jẹ́ driver nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ má gba orí káàdì yẹn. Aláìsàn gan-an lẹ ń rán níṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà méjì péré nínú oops (ìròyìn tí kernel ń tẹ̀ jáde nígbà tó bá ṣubú) kan. Mo pe driver náà ní foo:

BUG: kernel NULL pointer dereference, address: 0000000000000018
RIP: 0010:foo_clean_tx+0x5e/0x1b0 [foo]

0x18 jẹ́ 24. Pointer (àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì) tó yẹ kó tọ́ka sí struct (àkójọ dátà) kan ló ṣófo, kóòdù wá na ọwọ́ sí ohun tó wà ní báìtì 24 láti ìbẹ̀rẹ̀ struct náà. Ẹ ṣe `pahole -C foo_tx_buf foo.ko`, yóò to àwọn ohun inú struct náà lẹ́sẹẹsẹ fún yín. Bó bá jẹ́ `skb` (àpò tí kernel fi ń gbé packet, ìyẹn ẹrù dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló wà ní 24, ẹ ṣọ́ra: kì í ṣe `skb` ló ṣófo, buffer tó gbé e dání ni. Àbùlẹ̀ tó bá lọ ń yẹ `skb` wò bóyá ó jẹ́ NULL kò wo àìsàn kankan. Ní ti 0x5e/0x1b0, báìtì 0x5e nínú function tó gùn tó 0x1b0 ni. `./scripts/faddr2line foo.ko foo_clean_tx+0x5e/0x1b0` yóò fún yín ní orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà, bí ẹ bá ti tan debug info nígbà tí ẹ ń kọ́ kernel náà, tó sì jẹ́ module tó ṣubú gan-an lẹ fún un, kì í ṣe èyí tí ẹ tún kọ́ lẹ́yìn náà. Oops àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ gbára lé. Èyí tí lẹ́tà D bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ Tainted rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí kernel ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ló wáyé.

Àwọn nọ́ńbà kan wà tó yẹ kí ojú yín dá mọ̀. Bí ẹ bá fi `slub_debug=FZP` tan ẹ̀rọ, tí ẹ rí 6b6b6b6b nínú register (àyè kékeré tí CPU ń kó nọ́ńbà sí), mẹ́mọ́rì tí wọ́n ti dá padà ni ẹnì kan ṣì ń lò. dead000000000100 jẹ́ ohun tí wọ́n ti yọ kúrò nínú list, tí ẹlòmíràn tún fẹ́ rìn gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni 0xffffffff láti inú register káàdì. Káàdì náà ò dáhùn ni: bóyá ó ń sùn, bóyá ó ti jábọ́ lórí PCIe. Gbogbo bit rẹ̀ ló jẹ́ 1, nítorí náà kóòdù tó ń béèrè pé «ṣé o ti parí?» yóò gbọ́ «bẹ́ẹ̀ ni», á sì máa kó ìdọ̀tí lọ. Bó bá ṣe ẹ̀yìn suspend tàbí ìgbà tí ẹ̀rọ wà láìríṣẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀, ẹ wá ibi tí driver ti fọwọ́ kan register láìkọ́kọ́ pe `pm_runtime_resume_and_get`.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ẹ kọ́ kernel tó ní KASAN, PROVE_LOCKING, DEBUG_ATOMIC_SLEEP àti DMA_API_DEBUG, àwọn aṣọ́ tó ń wá àṣìṣe nínú kernel. KASAN yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mọ́rì, ẹ̀rọ yóò sì falẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sọ ẹni tó gba mẹ́mọ́rì náà, ẹni tó dá a padà, àti ẹni tó ṣì ń lò ó. Ìyẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ tí a máa ń rí jù ni «NETDEV WATCHDOG: transmit queue 0 timed out». Bí driver ò bá yan iye mìíràn, ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni kernel máa ń dúró kó tó pariwo. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn queue (ìlà tí packet ti ń dúró kó tó jáde), kò sì sí ẹni tó ṣí i. Ẹni mẹ́ta ló ṣeé fura sí. Ẹ ka `/proc/interrupts` lẹ́ẹ̀mejì (interrupt ni ìpè tí káàdì fi ń pe CPU), kí ẹ sì tẹ ipò ring (òbìrí àyè tí driver àti káàdì jọ ń lò fún packet) jáde nínú function tí watchdog ń pè. Bí ring bá kún, tí káàdì ò sún kúrò lójú kan, káàdì ló dì: ẹ pa EEE (ọ̀nà ìdín iná kù) pẹ̀lú `ethtool --set-eee eth0 eee off`, ẹ pa TSO (kí káàdì fúnra rẹ̀ máa gé packet ńlá sí wẹ́wẹ́) pẹ̀lú `ethtool -K eth0 tso off`, ẹ fi `pcie_aspm=off` tan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o, kì í ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí káàdì bá ti parí gbogbo rẹ̀ tí driver ò tíì palẹ̀ wọn mọ́, interrupt ló sọnù. Bí ring bá ṣófo, tí ìlẹ̀kùn ṣì wà ní títì, race ni: iṣẹ́ méjì ń sáré, èyí tó bá ṣáájú ló ń pinnu àbájáde.

Race yẹn tó ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí inú driver púpọ̀ ló ń gbé. CPU kìíní ń fi packet ránṣẹ́, ó wo ring, ó rí i pé ó kún, ó ti pinnu láti pe `netif_stop_queue`. Kó tó pè é, CPU kejì palẹ̀ gbogbo ring mọ́, ó yẹ ìlẹ̀kùn wò, ó bá a ní ṣíṣí, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ti àkọ́kọ́ wá tilẹ̀kùn. Ring ti ṣófo, interrupt mìíràn ò ní wá, kò sì sẹ́ni tí yóò ṣílẹ̀kùn mọ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn: lẹ́yìn `netif_stop_queue`, ẹ fi `smp_mb()` sí i (barrier ni, odi tí kì í jẹ́ kí CPU pààrọ̀ ètò kíkà àti kíkọ mẹ́mọ́rì), ẹ tún ring wò lẹ́ẹ̀kejì, bí àyè bá ti wà, ẹ pe `netif_start_queue`. Ẹ̀gbẹ́ tó ń palẹ̀ mọ́ náà gbọ́dọ̀ ní `smp_mb()` tirẹ̀, láàárín ìgbà tó sún index àti ìgbà tó yẹ ìlẹ̀kùn wò. Barrier ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kò já mọ́ nǹkan. Àwọn macro inú `include/net/netdev_queues.h` ti ṣe gbogbo èyí. Bí driver yín bá ṣeé yí sí i, mo fara mọ́ ọn ju kí ẹ máa fọwọ́ kọ ọ́.

Ẹ wo iye àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú. Packet kan lè ní fragment 17 bí wọn ò bá yí `MAX_SKB_FRAGS` padà, ẹ fi orí rẹ̀ kún un, ó di descriptor (àyè kan nínú ring) 18. Driver tó ń dúró dìgbà tí àyè bá ku méjì kó tó tilẹ̀kùn yóò kọ lórí ohun tí káàdì ṣì ń kà. Bí ẹ bá dá `NETDEV_TX_BUSY` padà, ẹ má tú `skb` náà ká, ọwọ́ kernel ló padà sí. Nínú NAPI (ètò tí kernel fi ń kó packet lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), function poll gbọ́dọ̀ dá budget (iye packet tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan) padà ní pípé bí iṣẹ́ bá ṣì kù. Bí iṣẹ́ bá tán, kó pe `napi_complete_done`, kó sì dá iye tó kéré sí i padà. Budget lè jẹ́ 0 nígbà tí netconsole bá ń pè é: ẹ palẹ̀ ìhà tó ń fi ránṣẹ́ mọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìhà tó ń gbà.

Bí ìròyìn bá ní «scheduling while atomic», ẹnì kan pe `msleep` tàbí ó lo `GFP_KERNEL` (ìtọrọ mẹ́mọ́rì tó lè sùn) níbi tí a kì í ti í sùn. Ìyẹn kì í pẹ́ tún ṣe.

DMA ló ń gba àkókò jù. Ẹ gbọ́dọ̀ yẹ `dma_mapping_error` wò lẹ́yìn gbogbo map, ìwọ̀n tí ẹ fi ṣe map náà ni kí ẹ fi ṣe unmap, kí `dma_wmb()` sì wà láàárín ìgbà tí ẹ kọ àdírẹ́sì sínú descriptor àti ìgbà tí ẹ yí bit tó ní «ó di tìrẹ» padà fún káàdì. Lórí x86, àìsí barrier yìí lè má hàn, kó wá ba nǹkan jẹ́ lórí ARM. Bí ẹ bá fura pé driver gbàgbé `dma_sync_single_for_cpu`, ẹ fi `swiotlb=force` tan ẹ̀rọ: gbogbo DMA yóò gba buffer àárín kọjá, ibi tí sync ò bá sí yóò fi packet tó kún fún ìdọ̀tí hàn yín lójú ẹsẹ̀. Kí IOMMU (ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu mẹ́mọ́rì tí káàdì lè dé) náà wà ní títàn. Ó máa ń sọ àdírẹ́sì tí káàdì fọwọ́ kàn lẹ́yìn tí a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Gíráfíìkì yàtọ̀ ní ti pé Mesa, àkójọ kóòdù gíráfíìkì tó wà níta kernel, ló ń kọ àṣẹ tí GPU ń ṣe. GPU lè dì nítorí àṣẹ burúkú, kernel kàn ń jíṣẹ́ ni. Ẹ mú kernel dúró lójú kan kí ẹ pààrọ̀ Mesa, lẹ́yìn náà ẹ ṣe é ní òdìkejì. Kí firmware má yí padà láàárín ìdánwò. Bí dump (àkọsílẹ̀ ipò GPU nígbà tó dì) bá wà, inú `/sys/class/devcoredump` ló wà, ẹ tètè dà á kọ, torí ìṣẹ́jú 5 péré ló ń lò kó tó pòórá. Nínú ìròyìn timeout ti amdgpu, ẹ wo nọ́ńbà signaled àti emitted: ìyàtọ̀ wọn ni iṣẹ́ tó kù nílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí «Fence fallback timer expired», GPU ti parí iṣẹ́, interrupt ni kò dé. Fún síkírínì tó ṣókùnkùn nìkan, `drm.debug=0x16 log_buf_len=4M` tó, ẹ sì kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà náà.

Fence jẹ́ ìlérí pé GPU yóò parí. Kóòdù tó ń mú ìlérí yẹn ṣẹ kò gbọ́dọ̀ dúró de ohunkóhun tó ń dúró de ìlérí kan náà. Bó bá fi `GFP_KERNEL` tọrọ mẹ́mọ́rì, kernel lè lọ wá mẹ́mọ́rì lọ́dọ̀ shrinker (kóòdù tó ń dá mẹ́mọ́rì padà nígbà tó bá fẹ́ tán), shrinker á dúró de fence, àwọn méjèèjì á wá dúró títí láé. Ìgbà tí mẹ́mọ́rì bá fẹ́ tán nìkan ló ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìdánwò kéékèèké kì í fi í rí i. Ẹ fi `dma_fence_begin_signalling` àti `dma_fence_end_signalling` yí ibẹ̀ ká, lockdep (aṣọ́ tí PROVE_LOCKING ń tàn) yóò ké síta láìjẹ́ pé ẹ̀rọ dì rárá.

Ẹ má fi `printk` lé race. Serial 115200 ń gbé nǹkan bíi lẹ́tà 11,520 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlà tó ní lẹ́tà 80 yóò gbà tó ìdá 7 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú interrupt, ìyẹn ti pẹ́ jù, bug á sá. `trace_printk` ni kí ẹ lò.

Bí ẹ̀yà àtijọ́ bá ṣiṣẹ́, `git bisect` ni, ó ń pín àwọn commit (àtúnṣe kóòdù) sí méjì títí yóò fi rí èyí tó fa bug: commit 14,000 kò ju ìdánwò bíi 14 lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni bug tó ń farahàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó ń wá lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, ní ìpíndọ́gba. Bí ẹ bá dán kernel tó ní in wò fún wákàtí kan, nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 ni àǹfààní pé ẹ ò ní rí i, ẹ ó sì pè é ní «good». Wákàtí mẹ́ta ló ń sọ ọ́ di bí ìdá 5. «Good» kan tó jẹ́ irọ́ yóò gbé yín lọ sọ́dọ̀ commit tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ má sì dín bisect kù sí fódà driver nìkan bí kò bá dá yín lójú. Ó lè jẹ́ PCI tàbí IOMMU ló yí padà.

Nígbà tí àbùlẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́, mo máa ń yọ ọ́, kí n rí i pé bug padà wá, kí n tó tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà ni `checkpatch.pl --strict` àti `get_maintainer.pl`. Ẹ fi ìlà Fixes sí i pẹ̀lú lẹ́tà 12 àkọ́kọ́ nínú hash commit tó dá bug náà sílẹ̀ àti àkọlé rẹ̀, ẹ fi Signed-off-by sí i, àti Cc stable bó bá yẹ kó dé àwọn ẹ̀yà àtijọ́. Àtúnṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń jẹ́ `[PATCH net]`. `Net-next` wà fún ohun tuntun. Nínú àlàyé yín, ẹ to ìṣẹ̀lẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, CPU kan lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún, kí olùtọ́jú lè rí ibi tí mẹ́mọ́rì ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan láìjẹ́ pé ẹnì kejì mọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí wákàtí 24 kọjá kí ẹ tó fi v2 ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tó yí padà sábẹ́ ìlà `---`.