Nameserver kẹrin tí Linux ò kà

Láàárọ̀ àná, ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Óṣogbo níbí, kọ̀ǹpútà Linux mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìgbín. Mo bú dátà títí. Mo ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ìgbà tí mo ṣí /etc/resolv.conf (fáìlì tí a ń to nameserver sí, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń bá tiwa wá nọ́ńbà àdírẹ́sì ìkànnì), nameserver 4 ni mo ti tò síbẹ̀ (mo rò pé bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa yá tó), èyí àkọ́kọ́ ò sì dáhùn mọ́. 3 péré ni glibc, kóòdù tí àwọn ètò orí Linux ń lò láti bi wọ́n, ń kà. Ìkẹrin kàn jókòó lásán. glibc tún ń dúró de àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 kó tó bi èkejì. Mo gbé 1.1.1.1 (nameserver Cloudflare) ṣíwájú, 8.8.8.8 (ti Google) tẹ̀lé e, mo fi options timeout:1 sísàlẹ̀ kó má dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ra dátà tuntun ni?"