Ilé Àdúrà Roboto

Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Èbúté Mẹ́ta, tí a máa ń gba orí afárá Carter lọ sí Kàtídírà Marina fún orin Kérésìmesì, ohun tí mo mọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé gàgàrà bí èyí tí Bagan Benjamin yàwòrán rẹ̀, tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tí wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1946. Nítorí náà, nígbà tí mo dé Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí wọ́n nawọ́ sí ilé bíríkì roboto kan nínú ọgbà MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo rò pé táǹkì omi ni.

Àṣé ilé àdúrà ni. Eero Saarinen, ọmọ bíbí ilẹ̀ Finland, ni ó yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1955. Kò tóbi: ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ó sì ga tó 30. Ògiri rẹ̀ kò ní fèrèsé, ṣùgbọ́n omi tí kò jìn yí i ká. Bí oòrùn bá ti tàn sórí omi náà, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹsẹ̀ ògiri wọlé, á sì máa jó lára ògiri inú tí wọ́n mọ ní wíwọ́-wíwọ́ bí aṣọ títa. Òkè pẹpẹ òkúta funfun ni wọ́n dá ihò òrùlé sí, láti ibẹ̀ sì ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí oníṣẹ́ ọnà Harry Bertoia ṣe ti rọ̀ sílẹ̀ bí òjò tí ó dá dúró lójú ọ̀nà. Wọn kò kọ́ ọ fún ìjọ kan ṣoṣo, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè ìjọ tí mo ti wá. Níbẹ̀ ni mo ti sá fún òtútù ọdún méjì.

Nígbà tí mo padà sílé, mo fi àwòrán rẹ̀ han bàbá mi, tí wọ́n ṣe bíríkìlà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú fóònù.

“Àwọn bíríkì yìí wọ́. Ta ni ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn?”

Mo ṣàlàyé pé ńṣe ni Saarinen mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ bíríkì tí ó rí gbágungbàgun, kí ara ògiri má baà dán. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Wọ́n ní kí n wó odindi ògiri kan ní Yábàá nítorí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí ó wọ́.” Wọ́n tún wo àwòrán náà. “Omi tí ó yí i ká yẹn, ẹ̀fọn ńkọ́?”